Ìwọ̀n Àjogúnbá

Nínú pálọ̀ ìyá mi ní Modákẹ́kẹ́, fọ́tò ló bo ògiri kan. Kò sí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kankan nínú wọn. Àwọn ayálégbé rẹ̀ ni gbogbo wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ìyá mi ń gbà sílé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, àṣà kan sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílé wa láìsí ẹni tó ṣòfin rẹ̀: ẹni tó bá gboyè nínú wọn yóò wọ gáùn rẹ̀ wá sílé, yóò dúró ti ìyá onílé lẹ́nu ọ̀nà, oní-fọ́tò yóò ya àwọn méjèèjì, wọn yóò fi férémù sí i, ìyá mi yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kan ìṣó tí yóò gbé e kọ́. Lọ́yà wà lára ògiri yẹn. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó kó jáde láìgbá yàrá, síbẹ̀ ìyá mi ń nu ojú fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń nu ti àwọn tó kù.

Láàárín gbogbo wọn, níbi tí ojú àlejò ti máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí, ìṣó kan wà tí kò gbé nǹkan kan. Ọdún tí mo wọ yunifásítì ló kàn án. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní, "Ọmọ mi ló ń bọ̀ níbẹ̀." Ìgbà mìíràn wà tí inú bá ń bí mi, tí ó máa ń ṣe mí bíi kí n yọ ìṣó yẹn sọnù.

Fíísíìsì ni mo lọ kà. Àwọn ẹbí ò yé béèrè pé iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ṣe. Mo máa ń dáhùn pé kò sí iṣẹ́ tí wọn kì í fi ṣe, èyí tó túmọ̀ sí pé èmi náà ò mọ̀. Nígbà tí mo dé Páàtì Fóò, ìyẹn ọdún ìkẹyìn, mo bá kọ́ọ̀sì kan pàdé tí gbogbo wa ń pè ní EM: ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ nípa iná mànàmáná àti òòfà. Àwọn tó ṣáájú wa ti fi dẹ́rù bà wá títí. Kí n má purọ́, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lójú pátákó, mo rí i tí wọ́n mú òfin iná àti òfin òòfà, tí wọ́n pa wọ́n pọ̀, tí ìmọ́lẹ̀ sì jáde láti inú ìṣirò náà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, ìgbì tó ń gbé ohùn rédíò wá, ooru tó ń jáde lára ẹyin iná: ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, gígùn ìgbì wọn ló yàtọ̀. Mo délé, mo ròyìn rẹ̀ fún ìyá mi bí ẹni tó rí àǹjọ̀nú. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀ ń rí lójú pátákó yẹn, ẹ bá wa sọ fún un kó yà sí Modákẹ́kẹ́. Ó ti pẹ́ tí a ti fojú kàn án." Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ máa tó kúrò ní ohun tí a lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nílé wa.

Ojú ìyá mi ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ń fi èjìká kọlu ilẹ̀kùn, ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù. Dókítà ojú sọ fún wa pé àìsàn náà ń jẹ ìríran láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, àti pé òògùn tí wọ́n ń kán sójú lè dá a dúró fúngbà díẹ̀ ni, kò lè dá èyí tó ti lọ padà. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé nínú takisí, ìyá mi bi mí pé:

"Ìgbà wo lo máa parí?"

"Ọdún yìí ni, mà."

"Ọdún yìí ṣì dáa," ó ní. "Ojú mi á ṣì bá a."

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ohun tí mo ń wá nínú EM kò ju ìyẹn lọ: kí n yege pẹ̀lú kíláàsì mi, kí n wọ gáùn, kí ìyá mi rí i.

EM ní apá méjì, ìdánwò àti iṣẹ́ láàbù. Ẹni tí kò bá ní máàkì láàbù ti fìdí rẹmi nìyẹn, ì báà mọ ìwé bí ẹni tó kọ ọ́. Nínú iṣẹ́ láàbù ọ̀hún, a ó gbé ẹ̀rọ kan tó ń ta ìgbì dojú kọ páànù pẹlẹbẹ. Ìgbì á lọ bá páànù, á ta padà, ti àlọ àti ti àbọ̀ á pàdé lọ́nà. Níbì kan wọn yóò ran ara wọn lọ́wọ́, níbì kan wọn yóò pa ara wọn. A ó wá máa fa ẹ̀rọ kékeré kan lórí rúlà láàárín wọn, a ó máa wo ibi tí ọwọ́ mítà ti gòkè àti ibi tó ti sọ̀kalẹ̀, a ó fi ṣírò gígùn ìgbì náà. Kò le. Ó tiẹ̀ dùn, bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Ó ti kú tipẹ́ kí a tó dé. Ríípọ́ọ̀tù ni kò kú. Àwọn tó lo ẹ̀rọ náà nígbà ayé rẹ̀ fi ìwọ̀n wọn sílẹ̀ fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn, àwọn yẹn náà fi lé àbúrò wọn lọ́wọ́, títí ó fi dé orí Wọ́sáàpù tiwa. Bí a ṣe ń jogún ilẹ̀ ẹbí la ṣe ń jogún rẹ̀. A kàn máa ń yí nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn padà díẹ̀ kí tèmi má bàa jọ tìrẹ jù, níkẹyìn gbogbo ríípọ́ọ̀tù á sì gúnlẹ̀ síbì kan náà: sẹ̀ǹtímítà 3.2. Olùkọ́ wa, tó ti ń kọ́ EM láti ìgbà tí a kò tíì bí wa, kò béèrè rí bí òkú ẹ̀rọ ṣe ń bí ìwọ̀n lọ́dọọdún. Ọ̀gá tó ń tọ́jú láàbù kò sọ fún un. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni.

Ọmọ kíláàsì mi kan ń gbé nílé wa, nínú yàrá ẹ̀gbẹ́ kànga. Òun ló fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí mi. "Yí i díẹ̀ o," ló kọ sábẹ̀ rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Òun ló máa ń bá ìyá mi kán òògùn sójú tí mo bá pẹ́ dé.

Sáà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ tuntun dé. Ẹnì kan tó ti kàwé jáde níbẹ̀, tó wà lókè òkun, ló fi ta wá lọ́rẹ. Wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín míìtì páì, wọ́n sì gbé e tì mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù kí akẹ́kọ̀ọ́ má bàa bà á jẹ́. Mo lọ bá ọ̀gá láàbù pé kó jọ̀ọ́ kó jẹ́ kí n lò ó. Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó yá mi láàsì ìyàwó rẹ̀ kí n wọ̀ ọ́ lọ sóko.

"Ìwọ̀n wà ńlẹ̀. Kí lo fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe?"

Mo ní mo kàn fẹ́ rí i bó ṣe ń ṣe ni. Bóyá ó káàánú mi, bóyá ọ̀rọ̀ náà ti sú òun náà, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù.

Iná wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyẹn gan-an tó iṣẹ́ ìyanu. Mo gbé páànù kalẹ̀, mo tan ẹ̀rọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lórí rúlà. Ọwọ́ mítà gòkè. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó tún gòkè. Mo ń dá rẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú ẹnikẹ́ni kò lè rí, tí mo ti ń kọ sórí pépà láti ìgbà yìí wá, ó wà níwájú mi, ó ń mì. Ìwọ̀n mi gúnlẹ̀ sí 2.8. Mo tún un ṣe, 2.8 náà ni. Mo yẹ ara ẹ̀rọ wò: ìgbì tirẹ̀ ń mì kíákíá ju ti ẹ̀rọ àtijọ́ lọ, ó sì yẹ kó kúrú jù ú. Gbogbo rẹ̀ bára mu. Mo kọ ọ́ bí mo ṣe rí i, mo kọ ọ́ sínú ríípọ́ọ̀tù pé ẹ̀rọ tuntun ni mo lò, mo sì ń kọrin lọ sílé. Òmùgọ̀ ọmọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni olùkọ́ wa pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó to ríípọ́ọ̀tù kíláàsì sórí tábìlì, ó ya tèmi sọ́tọ̀.

"Gbogbo kíláàsì rẹ ló rí 3.2. Ìwọ nìkan lo rí 2.8. Níbo lo ti rí i?"

"Mo wọ̀n ọ́n ni, sà."

"Àwọn tó kù ńkọ́? Wọn ò wọ̀n ọ́n ni?"

Kí ni kí n sọ? Tí mo bá ní wọn ò wọ̀n ọ́n, mo ti ta gbogbo kíláàsì nìyẹn. Tí mo bá ní wọ́n wọ̀n ọ́n, èmi ni mo purọ́. Mo fò ó.

"Ẹ̀rọ tuntun ni mo lò, sà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Tí ẹ bá lè bá mi dé láàbù báyìí, mo lè tún un ṣe lójú yín."

"Èmi? Kí n bá ẹ dé láàbù?" Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ìwọ ló wá fẹ́ kọ́ mi ní EM? Kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń kọ́ ọ."

"Ẹ má bínú, sà."

"O jókòó sílé, o hùmọ̀ nọ́ńbà. Nínú sáyẹ́ǹsì, olè là ń pè é."

Èmi nìkan ni mo wọn nǹkan nínú kíláàsì yẹn, èmi nìkan ni wọ́n sì sọ pé mo hùmọ̀ ọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Wọn ò fi kún un pé wọ́n á tún mú ẹni tó gbé e wá sọ́jà fún olè. Olùkọ́ wa ní òun ṣàánú mi, òun ò ní fẹjọ́ mi sun ìgbìmọ̀, òdo lásán lòun máa fún mi. Àánú tirẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tàn. Kò sí ẹnì kan tó ní kí n gbé ẹ̀rọ jáde, kí a tún un wọ̀n níṣojú gbogbo èèyàn. Ohun kan náà ló ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn: lọ bẹ Bàbá, ìyẹn olùkọ́ wa. Ọmọ kíláàsì mi tó ń gbé nílé wa ní, "Ṣáà kúnlẹ̀. Kí ló máa mú kúrò lára ẹ?" Ọ̀gá láàbù, tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fún mi, ní, "Má dá orúkọ mi o. Lọ bẹ̀ wọ́n. Àgbà ni wọ́n." Nílẹ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ kò ní í ṣe pẹ̀lú ẹni tó jẹ̀bi. Ẹni tó jẹ̀bi ń bẹ̀, ẹni tó jàre náà ń bẹ̀, àgbà á ní ó ti tán, kálukú á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kọ̀. Inú ń bí mi nígbà náà, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọmọ kíláàsì mi ló sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ò bi mí bóyá mo jàre tàbí mo jẹ̀bi. Ó wọ aṣọ Jímọ̀ rẹ̀, ó we gèlè, ó ní kí n mú òun lọ. Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀kọ́, ó ń fẹsẹ̀ tọ́ ipele kọ̀ọ̀kan wò kó tó tẹ̀ ẹ́, ó sì di apá mi mú ṣinṣin. Ó ní bàtà òun ló ń yọ̀. Bàtà ò yọ̀.

Ọjọ́ ogbó ni ìyá mi bí mi, àgbà ti dé sí i, olùkọ́ tó jókòó sẹ́yìn tábìlì yẹn lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ìyá mi wólẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, lórí eékún méjèèjì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ ṣàánú mi. Ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ wo ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ mọ́ ọn lára."

"Háà, Màmá! Ẹ dìde, ẹ dìde." Ó sáré dìde, ó fà á sókè, ó fún un ní àga, ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn àna. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ wá, Màmá. Ọkàn mi tiẹ̀ ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, pé bóyá mo ṣì í dá lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ti wá bá a bẹ̀bẹ̀ yìí, ó ti yé mi pé òun náà mọ ohun tó ṣe."

"Ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun. Ọlọ́run á bá yín tọ́jú tiyín."

Ìyá mi rò pé wọ́n ti forí jì mí ni. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ó ń lu apá mi pẹ́pẹ́. "Ṣé o rí i? Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ìwọ ti lágídí jù." Mi ò ní ẹnu tí mo lè fi sọ fún un pé òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bá mi jẹ́wọ́ ohun tí mi ò ṣe.

Èsì jáde. Gbogbo kíláàsì yege EM, àfi èmi. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ kọ́ọ̀sì náà, mo sì ní láti dúró di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà ayẹyẹ ìgboyè, ọmọ kíláàsì mi wọ gáùn wá sílé wa, ó dúró ti ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà bí àṣà, wọ́n yà wọ́n. Ìyá mi ṣì ríran díẹ̀ ní àárín ojú nígbà náà. Ó ní kí a gbé fọ́tò náà kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìṣó mi, kí ọmọ kíláàsì kan náà lè wà nítòsí ara wọn. Òun ló kan ìṣó, èmi ni mo di férémù mú. Mo kórìíra ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà. Kò sí ibi kankan tó ṣe sí mi, mo ṣáà kórìíra rẹ̀, àti ẹ̀rín rẹ̀, àti 3.2 rẹ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ náà ò bọ̀ bọ̀rọ̀. Àwọn olùkọ́ yanṣẹ́lódì, wọ́n ní ìjọba ń fìyà jẹ àwọn. Òótọ́ ni, èmi náà mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìsàn ojú kì í yanṣẹ́lódì. Mo ń kán òògùn sójú ìyá mi láàárọ̀ àti lálẹ́, ó sì ń béèrè ohun kan náà nígbà gbogbo tó bá gbé orí sókè tí omi òògùn ń ṣàn sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Wọ́n ti wọlé?"

"Wọn ò tíì wọlé, mà."

Nígbà tó yá, tó bá fẹ́ wo ojú mi, ó máa ń yí orí kiri bí ẹni tó ń yọjú látinú ihò kọ́kọ́rọ́, títí yóò fi rí ibi tí mo wà. Nígbà tó tún yá, ó fi yíyí orí sílẹ̀.

A wọlé níkẹyìn. Olùkọ́ wa ti jápa. Mo rí fọ́tò rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, ó wọ kóòtù tó gùn dé orúnkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n gbé EM fún. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ó ní kò ní sí iṣẹ́ láàbù lọ́dún yìí o, àkókò ti lọ, ìdánwò nìkan ni kí a gbájú mọ́. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn àbúrò mi, mi ò pàtẹ́wọ́. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá mi dúró, ohun tí ìyá mi tìtorí rẹ̀ wólẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi pa á rẹ́, láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ wọ́n. Mo gba A. Mo yọjú sí láàbù lọ́jọ́ kan. Ẹ̀rọ tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, wọ́n ti fi ọ̀rá bò ó. Àwọn àbúrò mi sì ṣì ń fi 3.2 ránṣẹ́ síra wọn, nítorí bóyá láàbù á padà lọ́jọ́ kan.

Kí ọjọ́ ìgboyè tèmi tó dé, ohun tó kù nínú ojú ìyá mi kò ju kó mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí ó ti ṣú. Mo wọ gáùn délé. Ó fọwọ́ pa apá rẹ̀, ó fọwọ́ pa fìlà, ó ní, "Àwọ̀ wo ni?" Mo sọ fún un. Ó ní ó dáa, àwọ̀ yẹn máa bá mi mu. A dúró lẹ́nu ọ̀nà. Oní-fọ́tò ní, "Màmá, ẹ wo ibí," ìyá mi sì yíjú sí ibi tó ti gbọ́ ohùn, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti sún síwájú kó tó tẹ̀ ẹ́. Nínú fọ́tò mi, géètì ni ìyá mi ń rẹ́rìn-ín sí.

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kọ́. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ran òun lọ́wọ́. Ó tọ́ ògiri títí ó fi kan ìṣó.

Lẹ́yìn èyí, bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ wá láti Ìpetumodù, ó ń wá yàrá fún un. Ìyá mi ní kí wọ́n wọ pálọ̀, ó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ pé ilé ọmọ tó ń kàwé ni wọ́n dé yìí, ó sì dìde, ó na ọwọ́ sí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ tàsé fọ́tò mi, ó bọ́ sórí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ọmọ kíláàsì mi. Nínú èyí, ojú ìyá mi ṣí kalẹ̀, ó ń wo oní-fọ́tò tààrà.

"Ọmọ mi nìyí," ó ní. "Ọmọ bíbí inú mi. Iná àti òòfà ló kà. Ẹ wò ó bó ṣe ń rẹ́rìn-ín."

Àlejò wo fọ́tò náà. Ó wo ojú mi. Ó tún wo fọ́tò. Ìyá mi yí etí sí ibi tí mo wà, ó ń retí kí n fèsì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," mo sọ fún àlejò. "Èmi ni."